Ọ̀kẹ́ Márùn-ún Ó Dín Mẹ́sàn-án

Èédú náà kọ́kọ́ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ nínú odó, nígbà tó yá ó dákẹ́, ó di ẹ̀tù. Èmi ni mo ń gún un. Màmá Oǹdó jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń já ewé ẹ̀gẹ́ sínú odó ní ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́, omi ewé ń ta sí wa lára, gbogbo ẹ̀yìnkùlé sì ń rùn bí oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, màmá ki àkísà bọ inú rẹ̀, ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Bọ́ọ̀dù wa là ń tún ṣe yẹn. Ìbẹ̀rẹ̀ họlidé kọ̀ọ̀kan la máa ń kùn ún, nítorí màmá ní pátákó tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í gba ṣọ́ọ̀kì dáadáa.

Ìyá tó bí ìyá mi ni Màmá Oǹdó. Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́ ni àwa ń gbé, Oǹdó ni òun wà, ìyẹn la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Tíṣà ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń rìn ládùúgbò náà ló sì ti jẹ ẹgba rẹ̀ rí. Bí a bá jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn bàbá tó ti hu ewú máa ń sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà láti dọ̀bálẹ̀ kí i, òun á sì bi wọ́n ní tébù ti méje kó tó gbà kí wọ́n dìde. Ìyá mi náà jókòó nínú kíláàsì rẹ̀ rí. Ó máa ń ráhùn pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń na òun fún àṣìṣe kan ṣoṣo: wọ́n á na akẹ́kọ̀ọ́ níléèwé, wọ́n á tún na ọmọ nílé.

Họlidé lọ́dọ̀ màmá kì í ṣe họlidé. Láàárọ̀, tí mo bá ti gbálẹ̀ tán, tí a ti mu ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló kàn. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àkúrẹ́, wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pa. Òfin méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ẹni tó bá ń ṣe ìṣirò gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ jáde bó ṣe ń kọ ọ́, nítorí ìṣirò tí ẹnu ò bá sọ, ọwọ́ lè jí i gbé. Èkejì, ẹni tó bá ń yẹ ìṣirò wò kò gbọ́dọ̀ sọ pé kò tọ̀nà láìfi ìka kan ibi tí àṣìṣe wà. Màmá ní tíṣà tó bá kàn fa ìlà pupa, tí kò fi ibi tí ọmọ ti ṣìnà hàn án, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń na afọ́jú lóríta.

Orí ògiri yẹn ni mo ti mọ àwọn olóríkunkun. Màmá ló sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ó ní iye mìíràn wà tó jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́: méjìlá gbà kí méjì pín òun, ó gbà fún mẹ́ta, ó gbà fún mẹ́rin àti mẹ́fà, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá kò gbà fún ẹnikẹ́ni. Ohunkóhun tí o bá fi pín in, nǹkan á ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́, àyàfi ọ̀kan, tí kì í pa ẹnikẹ́ni lára, àti òun mẹ́tàlá fúnra rẹ̀. Màmá á wá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìyá tó ń sọ ẹjọ́ ọmọ tó fẹ́ràn jù. Tí a bá ń rìn lọ ládùúgbò, tó rí nọ́ńbà lára ilé, á dúró, á pa ojú dé díẹ̀, á ní, "Ìyẹn là," tó bá jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, tàbí, "Ìyẹn ò là," tó bá jẹ́ olóríkunkun, a ó sì tún máa bá ọ̀nà wa lọ.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, kò rí nọ́ńbà ara ilé mọ́. Awọ kan tó funfun bí omi ìrẹsì ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì, kò sì gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun. Ó ń da iyọ̀ sí ẹ̀kọ dípò ṣúgà, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun ṣe fẹ́ ẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kí ṣẹ́ẹ̀tì bàbá onílé kejì tí wọ́n sá sórí okùn, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ, ó sì fi gbogbo ọjọ́ bínú pé ọkùnrin náà gbọ́ kíkí òun, kò dáhùn. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sunkún díẹ̀. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ ti sọ fún ìyá mi pé iṣẹ́ tí kò le ni, wọ́n á ká awọ náà kúrò, màmá á sì ríran padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n má fi falẹ̀. Màmá ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tíṣà ti gbé ojú fún ẹnì kan tó ń kiri ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, tí kò kọ́ iṣẹ́ náà níbì kankan, kò sì rí ìmọ́lẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti ń ba màmá. Kò pè é ní ẹ̀rù o. Ó ní òun ò ráyè ni.

Iṣẹ́ ìjọba ni ìyá mi ń ṣe ní Àkúrẹ́, ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá wò wá. Sátidé tó kọ́kọ́ wá nínú họlidé náà, bó ṣe ń gún iyán ló ń bẹ màmá. Ó bẹ̀ ẹ́ títí iyán fi dé orí tábìlì, ó ń bẹ̀ ẹ́ bí a ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ní ojú ni ìmọ́lẹ̀ ara. Màmá ń jẹ iyán rẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹun tán, ó fọwọ́, ó sì sọ èyí pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń fún ọmọ kíláàsì ní iṣẹ́ àṣetiléwá:

"Ó dáa. Ẹ bá mi wá ohun tó pín ọ̀kẹ́ márùn-ún ó dín mẹ́sàn-án gẹ́gẹ́, tí kì í ṣe ọ̀kan, tí kì í sì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Ọjọ́ tó bá là ni màá bá yín lọ sí Àkúrẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni màá yẹ̀ ẹ́ wò o, pẹ̀lú ojú ara mi."

Ìyá mi wò ó, ó wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́. Èmi ni mo dìde. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20000. Ọ̀kẹ́ márùn-ún jẹ́ 100000. Yọ mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, ó ku 99991. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè bọ́ọ̀dù. Lójú tèmi, iye tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ò lè ṣaláìní ẹni kan tó máa pín in. Àfi kí n ṣáà wá a kàn.

Màmá fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀nà hàn mí. Tíṣà ni, kò lè ṣe kó má kọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun gan-an ni mò ń bá ta ayò. Ó ní kí n má fi àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ yọ ara mi lẹ́nu: ohun tí méjìlá bá lè pín, méjì á ti pín in ṣáájú, nítorí náà olóríkunkun ni kí n máa fi dán olóríkunkun wò. Ó ní kí n má kọjá 313, torí àwọn tó ń pín iye, méjì méjì ni wọ́n ń rìn bíi tọkọtaya. Bí ọ̀kan bá tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, èkejì rẹ̀ á kéré, a ó sì ti bá a pàdé lọ́nà. Ó wá fi àbùjá kan hàn mí, inú orúkọ iye náà ló ti mú un jáde. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi 99991 ṣe? Ṣebí ọ̀kẹ́ márùn-ún tó dín mẹ́sàn-án là ń pè é. Kí n kọ́kọ́ fi èyí tó kéré bíi mẹ́ta àti méje pín in bó ṣe wà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kẹ́ márùn-ún ni kí n máa pín, kí n wo ohun tó bá ṣẹ́kù. Tó bá jẹ́ mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù, mẹ́sàn-án tí a fẹ́ yọ náà nìyẹn, iye wa ti là.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Lódìkejì ọgbà, obìnrin kan ń sá kòkó sórí tapólì, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u, kòkó ń dún ṣàràṣàrà, òórùn kíkan rẹ̀ sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀kì mi ń han lára ògiri. Mo ń sọ ìṣirò jáde, mo ti sọ ọ́ di orin: mẹ́tàlá wọ ọgọ́rùn-ún lọ́nà méje, ó ku mẹ́sàn-án, fa òdo kan wálẹ̀. Màmá á jókòó sórí àpótí rẹ̀, á máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ojú rẹ̀ á kọ sí ibòmíràn. Tí mo bá ti ṣe é tán, á dìde, á gbé ojú sún mọ́ bọ́ọ̀dù, á mú ṣọ́ọ̀kì pupa, á sì máàkì í pé ó tọ̀nà. Nígbà mìíràn ara fèrèsé ni máàkì náà máa ń bọ́ sí. Mo rò pé ọwọ́ àgbà ló ń gbọ̀n.

29 fẹ́ẹ̀ pa mí. Mẹ́jọ ló ṣẹ́kù, inú mi ti fò sókè kí n tó rí i pé ó ku ọ̀kan. Màmá ní, "Ó gbìyànjú." Nígbà tí mo dé 101, mẹ́wàá ló ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ yẹn, n kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Mo wọlé lọ dojú dé orí ẹní, màmá wá jókòó tì mí, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn. Ó bi mí pé kí ló dé tí mo fi mú un le tó báyìí, ṣebí ìṣirò lásán ni. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó rí mi ni. Ní gbogbo họlidé tó ti kọjá, bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé mo ti ga sí i. Lọ́tẹ̀ yìí kò sọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ jẹ ẹ̀wà mi kó tó tutù.

Mo rò pé ọjọ́ yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ṣùgbọ́n màmá ti sọ̀rọ̀, kì í sì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ.

Ìyá mi tún dé ní Sátidé tó kẹ́yìn họlidé. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó dúró síwájú bọ́ọ̀dù, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì. Mo sọ fún un pé gbogbo wọn ló kọ̀, pé 173 ló kàn. Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Mo rán an létí pé ó gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ jáde, òfin ni. Ó ní ọ̀fun ń dun òun. Ó wá lóṣòó sí igun ìsàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ó sì ń kọ ọ́ wínníwínní, nọ́ńbà rẹ̀ ò tó ìdin. Kò sí ohùn kankan àfi ti ṣọ́ọ̀kì. Màmá dẹ́kun ẹ̀gúsí ṣíṣẹ́, ó yí etí sí wa.

Ìyá mi dìde. "Mẹ́sàn-án ló ṣẹ́kù, mà."

Mo wo bọ́ọ̀dù. Lóòótọ́, mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Mo fò mọ́ ìyá mi, mo fò mọ́ màmá, gbogbo wa kún fún ẹfun ṣọ́ọ̀kì. Màmá ò mira.

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mẹ́fà ni 173 máa ń ṣẹ́kù."

"Mẹ́sàn-án ló wà lórí bọ́ọ̀dù, mà."

"Àṣìṣe ni."

"Ẹ dákun mà," ìyá mi sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ fi ìka kàn án."

Màmá lóṣòó. Ó gbé ojú sún mọ́ ògiri títí imú rẹ̀ fi kàn án, ẹfun mọ́ ọn nímú. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà, bí ẹni pé ó lè fi ọwọ́ mọ ohun tí wọ́n kọ. Ibi tí kò sí nǹkan kan ló tẹjú mọ́. N kò fò sókè mọ́. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò rí nǹkan kan rárá, pé ní gbogbo họlidé etí ló fi ń yẹ iṣẹ́ mi wò: bí mo bá fi máa sọ ọ́ tán, òun náà á ti ṣe é tán lórí. Mo lanu láti ka ti ìyá mi fún un. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mo sì pa ẹnu dé. Màmá náà lè ní kí n kà á. Ṣùgbọ́n tó bá lè sọ pé "kà á fún mi," ó ti gbà pé òun ò ríran nìyẹn, ohun tó sì ti ń sá fún láti ọdún tó kọjá kò ju ìyẹn lọ.

Ó pẹ́ lórí ìlóṣòó yẹn. Lódìkejì ọgbà, obìnrin oníkòkó ń fi ẹsẹ̀ tú kòkó rẹ̀. Màmá sọ nǹkan kan sábẹ́ ahọ́n ní èdè Oǹdó, irú èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ kíláàsì gbọ́, ó wá di ògiri mú, ó dìde.

"Ẹ mú mi lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pa bọ́ọ̀dù yẹn rẹ́ kí n tó dé. Iye yẹn ò là."

Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní pa á rẹ́.

Ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀bà-Ilé ni màmá wà ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi ṣe ojú náà, wọ́n ṣe ọ̀kan, nígbà tó san wọ́n ṣe èkejì. Ẹ̀rù bà á, ó di ọwọ́ ìyá mi mú bí ọmọ tó ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì fi í pa mọ́ mọ́. Láàárọ̀ tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní mo ti ga, pé iwájú orí bàbá mi ni mo sì gbé wá, ta ló fún mi láṣẹ. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ni mo bú sí. Nígbà tí a ń dá a padà sílé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi nínú mọ́tò láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó: gbogbo pátákó ojú ọ̀nà ló ń kà, gbogbo nọ́ńbà mọ́tò tó wà níwájú wa ló ń dájọ́ fún, èyí là, èyí ò là, títí awakọ̀ fi bi ìyá mi bóyá pásítọ̀ ni màmá.

A délé. Kò mu omi, kò tú gèlè, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ló gbà lọ tààrà. Ó lóṣòó sí igun ìsàlẹ̀ yẹn. Kò pẹ́ rárá. Ó pè mí, ó fi ìka kan ibì kan, ó bi mí pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó. Mo ní mẹ́rìnlélógún. Ó ní kí n ka ohun tí ìyá mi kọ síbẹ̀. Ìyá mi ti sọ 173 di ìlọ́po mẹ́jọ, ó sì kọ 1381, bí ẹni pé mẹ́ta lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mọ́kànlélógún. 1384 ló yẹ kó jẹ́. Mo yọ ọ́ nínú 1390 tó wà lókè rẹ̀ lọ́kàn mi, mẹ́fà ló ṣẹ́kù, bí màmá ṣe wí. Iye náà ò là.

Màmá yíjú sí ìyá mi, tó ṣì gbé báàgì dání lẹ́nu ọ̀nà.

"Tébù ti mẹ́ta," ó ní. "Kí o tó wọ kíláàsì kìíní lo ti mọ̀ ọ́n lórí."

Ìyá mi gbé báàgì kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé iye yìí kì í là?"

"Láti kíláàsì karùn-ún, mà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Mo wo ìyá mi, mo wo màmá. Gbogbo họlidé tí mo fi ń bá ọ̀kẹ́ márùn-ún ó dín mẹ́sàn-án jìjàkadì, àwọn méjèèjì ló mọ̀ pé kò ní ṣubú. Màmá gbé e kalẹ̀ nítorí pé kò ní là, kó má bàa lọ síbì kankan. Ìyá mi náà mọ̀, ó dákẹ́, ó kó abọ́. Bí ẹyẹ bá ṣe fò là á ṣe sọ òkò rẹ̀. Ó kàn dúró kí màmá fò dé ibi tí òkò òun á dé ni. Ó yẹ kí n bínú sí wọn, inú ò sì bí mi.

Màmá mú ṣọ́ọ̀kì pupa. Ó fa òbírí yí 1381 ká, ọwọ́ rẹ̀ ò yẹ̀, kò kan fèrèsé, ó sì fa ìlà gbọọrọ dá a láàárín. Ó wá dúró, ó ń wo ojú ìyá mi bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé, ó wò ó pẹ́.

"Òdo lo gbà," ó ní. "O ṣeun, ìyá mi."

Màmá Oǹdó ti lọ sinmi báyìí. Títí ọjọ́ tó lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń ka ìwé orin rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. 99991 ò tíì là, kò sì ní là. Tí mo bá ń ra nǹkan ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo ṣì máa ń sọ ìṣirò jáde lẹ́nu, àwọn tó ń tajà máa ń rò pé mò ń gbàdúrà, wọ́n sì ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ jùlọ kì í ṣe ti ìṣirò. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà nínú àwọn tí a fẹ́ràn tí ẹ̀bẹ̀ ò lè là, tí ẹkún ò lè là, àfi àwọn fúnra wọn. Kí ènìyàn má fi ipá pín wọn. Kó wá ohun tí wọ́n á fẹ́ fi ojú ara wọn rí.

Ìyá mi náà ti ń dàgbà báyìí. Orúnkún ń dùn ún, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa láìsinmi, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kí a lọ rí dókítà. Ó ní òun ò ráyè. Mo ti dákẹ́ ẹ̀bẹ̀, mò ń ronú irú àṣìṣe tí mo máa ṣe.